Àwọn Tí Ń Jẹ Oòrùn Nílé Tíṣà Ajíbádé

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn pátákó Tíṣà Ajíbádé ní Aramọkọ. Lọ́dún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà: KOKORO TI N JE OORUN WA NIBI. Kò fi àmì kankan sí i. Ọ̀dà ti ń tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbé e síbẹ̀ ni Níkẹ́ gun ọ̀kadà dé láti Erio.

"Tíṣà, ẹ kúulé o. Ṣé ulé yín ni àwọn kòkòrò náà wà? Bàbá Elijah ló ń sùn jù. Ó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sùn nídìí kòkó. Ẹ bá mi fún un ní méjì péré, kí wọ́n jẹ díẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Kí Tíṣà tó lanu, Samuel aládùúgbò rẹ̀ ti wọ́ òbúkọ dé. "Tèmi ò le rárá. Òórùn ẹ̀ nìkan ni kí wọ́n jẹ. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹran o."

"Oòrùn ni mo wí!" Tíṣà nàka sókè. "Oòrùn!"

Níkẹ́ wo ojú ọ̀run, ó wo Tíṣà. "Bí wọ́n bá wá jẹ ẹ́ tán, kí la ó fi sá kòkó?"

Inú abọ́ tánńganran ńlá tí Adérìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbé wọlé ọkọ ni àwọn kòkòrò náà ń gbé. Ọmọ kan tí Tíṣà kọ́ rí ló bu omi wọn ránṣẹ́ láti adágún oníyọ̀ kan lọ́nà jíjìn. Ojú lásán kò lè rí wọn. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ lè pa ẹja ni wọ́n fẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n sì fi ń ní agbára. Bí wọ́n bá ti pọ̀, omi náà á pọ́n bíi sóbò. Àlejò kan ṣèèṣì bù ú mu rí. Tíṣà kò bèèrè bóyá inú ń run ún, "Mélòó lo gbé mì?" ló bi í.

Òjò ni ọ̀tá Tíṣà, torí pé ó máa ń dín iyọ̀ wọn kù. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, òun ló ń ka Bíbélì fún ìjọ. Ó ní, "Báyìí ni Olúwa wí..." Ààrá sán. Tíṣà pa ìwé dé, ó sáré lọ bo abọ́. Títí di òní, ìjọ náà kò mọ ohun tí Olúwa wí.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wù ú kó gba òun gbọ́ ni kò gbà.

"Dérìn, wọ́n wà láàyè."

"Ẹ̀yin lẹ wà láàyè, bàbá Fúnkẹ́. Omi tó pọ́n nìyẹn. Ẹ fún mi lábọ́ mi."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Kò kí mi."

Nígbà tí àìsàn dá Tíṣà dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ abọ́ yìí náà ló ń sọ. "Bí omi wọn bá gbẹ, má dà wọ́n nù. Wọ́n máa ń fara pa mọ́ sínú iyọ̀. Bomi sí i, kó o ní sùúrù."

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Adérìnsọ́lá kò lè dé ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, iyọ̀ gbígbẹ ló kù nídìí abọ́.

Fúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, abọ́ yín ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́."

"Fi í sílẹ̀."

Ó bomi sí i, ó fi iyọ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí. "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o," ló ń wí ṣáá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, omi náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

Adérìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ìgbà tó rí i pé òjìji òun ló bo abọ́, ó sún sẹ́yìn kíá, kí wọ́n lè jẹun.