Igi Máńgòrò Tó Dí Ilẹ̀kùn Màmá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Èsìẹ́, ìlú wa, lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ló fi ẹ̀rọ ìgégi kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ń lo bátìrì, kí n máa fi gé ẹ̀ka tó bá fẹ́ kan òrùlé. Ó fúyẹ́ gan-an.

Bàbá Adé, tó ń la pákó fún àwọn káfíńtà, rí i lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ilá ni mo fẹ́ fi gé ni? Ẹ̀rọ tiẹ̀, tó ń mu bẹntiróòlù, wúwo bí òkúta.

Àfi bí ìjì ṣe jà lọ́sàn-án Sátidé. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wó, ó dí ilẹ̀kùn yàrá màmá mi, màmá sì wà nínú ilé.

Mo pariwo, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

Wọ́n ní, "Kò sí. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí."

Mo pe Bàbá Adé, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ gun ọ̀kadà dé kíá. Ó wo ògiri alámọ̀ yàrá màmá, ògiri náà ti sán. Ó mi orí. Ó ní àlàfo tó wà láàárín igi àti ògiri ti há jù fún ẹ̀rọ òun, ó lè ta padà, kí igi sì rọ́ lu ògiri. Ó wá rọra ní, "Tíṣà, ẹ gbé tiyín wá."

Ó fi gé àwọn ẹ̀ka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń wọ́ wọn kúrò. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, màmá fẹ̀gbẹ́ jáde, ewé kún orí wọn. Mo dì mọ́ wọn.

Ó ku ìtì igi. Ẹ̀rọ mi ò tíì gé e dé àárín tí bátìrì fi kú. Bàbá Adé gbé tiẹ̀, kò pẹ́ rárá, ó ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Mo bi í pé èwo ló dára jù. Ó ní ẹni tó ń fi igi gígé jẹun ò lè gbára lé bátìrì, ṣùgbọ́n nínú ilé, èyí tó fúyẹ́ ló dára, torí apá tó ti rẹ̀ ló ń fa ìjàǹbá.

Màmá ti ń fi igi náà dáná báyìí, inú wọn dùn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká mọ iṣẹ́ tá a fẹ́ ṣe ká tó ra irinṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ ń lò nílé yín, báwo ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.