Kúlà Tí Mo Ń Fọ̀ Kí N Tó Délé

Ẹni tí oyún méjì ti bà jẹ́ lára ẹ̀ kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbé báàgì wọn dé ilé wa ní Abraham Adésànyà, pé àwọn wá tọ́jú èmi àti oyún ìkẹta, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì." Inú mi lọ́hùn-ún ń sọ pé, ìfura loògùn àgbà o.

Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Láràárọ̀, Mọ́mì á wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, wọn á tilẹ̀kùn mọ́ra, wọn á máa gbàdúrà, wọn á máa lọ nǹkan. Kí ni wọ́n ń lọ̀? Tí mo bá kanlẹ̀kùn, wọn á ní, "Ìyàwó mi, má wọlé o, jọ̀ọ́." Wọn á wá di ẹ̀wà sínú kúlà fún mi láti gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Phase 1.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú. Háà! Mo jókòó sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo bú sẹ́kún. Àṣé òótọ́ lohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ìyá ọkọ! Wọ́n tún fẹ́ ba ìkẹta yìí jẹ́! Látọjọ́ náà, gọ́tà ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ló ń jẹ ẹ̀wà Mọ́mì. Búrẹ́dì àti tíì lèmi ń jẹ. Màá fọ kúlà náà mọ́ fínífíní kí n tó délé. Mọ́mì á ṣí i wò, wọn á rẹ́rìn-ín: "Ó jẹ ẹ́ tán! Ọmọ wa á lágbára." Èmi náà á ṣe "Àmín" bí ẹni ire.

Lẹ́yìn bí oṣù kan ààbọ̀, Mọ́mì bá mi lọ síbi ìtọ́jú aláboyún. Nọ́ọ̀sì wọn ikùn mi, ó tún un wọ̀n. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Màdámù, ọmọ yìí kéré sí oṣù ẹ̀. Kí lẹ̀ ń jẹ?"

Kí n tó lanu, Mọ́mì ti gbà á sọ. "Nọ́ọ̀sì, ó ń jẹun dáadáa o! Ẹ̀wà ni, edé àti ẹja gbígbẹ ni mo máa ń lọ̀ sí i. Òórùn ẹja ló ń mú un bì, ni mo ṣe ń tilẹ̀kùn. Ó ń jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́."

"Tó bá ń jẹ ìyẹn, kò yẹ kó rí báyìí. Egungun ọmọ, ẹran ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, inú irú oúnjẹ yẹn ló ti ń wá."

Mo fohùn jẹ́jẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ dúdú yẹn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ tá a fún yín nígbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn ni. Ọ̀pọ̀ aboyún tó ń lò ó ló ń rí i."

Ojú gbà mí tì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Gọ́tà ni mò ń da oúnjẹ yín sí. Mo rò pé..." Mọ́mì kọjú sí wíńdò mọ́tò títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí sílẹ̀ gbayawu, òórùn ẹja gbalé kan. Mọ́mì gbé àwo ẹ̀wà síwájú mi. Wọ́n bu síbí kan, wọ́n jẹ ẹ́ lójú mi, wọ́n gbé e mì, kí wọ́n tó na síbí náà sí mi. Títí mo fi bímọ, wọn ò gbé oúnjẹ fún mi rí láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò.