Ibi Tí Hàkímù Gbé Wúfà Sí

Hàkímù ará Ìdèrè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀gẹ́ ló ń fi ọkọ̀ kó láti Tápà, á gba Ayétẹ́ àti Ìdèrè kọjá, á já sí Ìgbó-Ọrà, á sì gbé e dé Èrúwà fún àwọn tó ń ṣe gàrí. Kì í mutí, kì í bá àwọn obìnrin tó ń kó ẹrù jà nítorí àpò. Bí ó bá ní àléébù kan, òun náà ni pé ó fẹ́ràn kí ojú ayé máa wo òun.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fi píkọ́ọ̀pù tó ń wà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá Rùkáyyàh, ìyàwó rẹ̀ tó bí Aliyyah fún un, jáde láyé, àwọn ẹbí ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Ìyá Rùkáyyàh, Hàlímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ ọmọ mi ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ wá fẹ́ gbé ọkọ̀ fún ará ìta?" Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe di ti Hàkímù. Ìjókòó méjì ló wà níwájú rẹ̀, ààyè tóóró kan sì wà lẹ́yìn wọn kí èèyàn tó kan gíláàsì ẹ̀yìn. Ààyè yìí ni olóògbé fi pákó àti fóòmù ṣe ìjókòó kékeré sí fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà kì í fẹ́ jókòó níwájú. Ibi tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún un ló ń jókòó sí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí Hàkímù bá ń gbé e láti Tápà lọ sí ọsíbítù ní Ìgbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀.

Ní ọdún yẹn, awakọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Tápà pẹ̀lú wúfà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn súpíkà ńlá tí í mú kí báàsì orin máa lu èèyàn láyà. Bí ọkọ̀ náà bá ń bọ̀, ìró rẹ̀ á ti ṣíwájú rẹ̀ wọ̀lú, àwọn ọmọge á yọjú. Rédíò ti Hàkímù ní tirẹ̀ ń dún bí ẹ̀fọn inú agolo. Ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ lára títí tó fi kọrí sí ọ̀dọ̀ Bámiṣẹ́ rẹwáyà ní Èrúwà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tó sì ń de rédíò mọ́ ọn.

Bámiṣẹ́ fi téèpù wọn ẹ̀yìn ìjókòó, ó wọn abẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Bọ̀dá Hàkímù, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ yín ò láàyè. Èyí tó pẹlẹbẹ yìí ni kẹ́ ẹ mú. Abẹ́ ìjókòó ló máa wọ̀, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Ó tan án fún un. Ó dún, ohùn rẹ̀ mọ́, àmọ́ kò mi àyà. Ojú Hàkímù ti wà lára èkejì, àpótí gàgàrà kan tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì dúdú bò, tí ojú súpíkà inú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò.

"Eléyìí ńkọ́?"

"Ìyẹn ń dún gan-an. Àmọ́ kò lè wọlé àfi tá a bá yọ ìjókòó ẹ̀yìn yìí. Ta ní ń jókòó síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tí ń jókòó síbẹ̀," ni Hàkímù wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó sọ. Ó wá rí ìyá náà lọ́kàn rẹ̀, pẹ̀lú báàgì ọsíbítù lórí itan. Ó ṣì lè yí ọ̀rọ̀ padà nígbà náà. Kò yí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iwájú ni ìyá yóò máa jókòó sí, iwájú sì níyì ju ẹ̀yìn lọ. Báyìí lèèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀. Wọ́n yọ ìjókòó, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ki àpótí bọ ipò rẹ̀. Hàkímù kò sọ nǹkan kan fún Rùkáyyàh.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti kó ẹ̀gẹ́ kún ọkọ̀ ní Tápà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọláyídé sì ti jókòó níwájú. Ọláyídé ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ báàsì tuntun yìí dé Èrúwà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá. Ìyá jáde, ó wọ aṣọ àtàtà, ó wé gèlè, ó fi ìborùn bo èjìká. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí àpótí. Ó fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wò ó bóyá ó gbóná.

"Ẹrù ta lèyí, Bàbá Aliyyah?"

"Ẹ̀rọ orin ni, Màmá."

Ọláyídé fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ìyá ní kó jókòó, pé òun á bá àwọn àpò ẹ̀gẹ́ lọ níta lẹ́yìn. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tó yẹ kí Hàkímù ṣe níbẹ̀: kó dọ̀bálẹ̀, kó ní àgbẹdọ̀, kó fúnra rẹ̀ fa Ọláyídé sọ̀kalẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé àpótí ìgò kan wá kí ìyá lè fi gun ọkọ̀. Ó di ìyá lọ́wọ́ mú, ó tì í gòkè, kò wo ojú rẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra. Hàkímù tan orin, báàsì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìjókòó, ó ń lu ilẹ̀kùn, dígí ń gbọ̀n. Ọláyídé ń mi orí. Nígbà tí wọ́n kọjá Ayétẹ́, tí ọ̀nà di gbágungbàgun, Ọláyídé yíjú padà díẹ̀.

"Ṣé nǹkan ń kan gíláàsì ni?"

"Báàsì ni," ni Hàkímù wí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé ó dún tó bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́kadà kan sáré bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ju ọwọ́. Hàkímù rò pé ó ń kan sáárá sí òun ni, ó fi kún ohùn orin. Nígbà tí wọ́n wọ Ìdèrè, létí ọjà, níbi tí èrò pọ̀ sí, ọlọ́kadà náà dábùú ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ṣé ẹran lẹ kó sẹ́yìn ni?" ló bi í. "Màmá ti kan ọkọ̀ yín títí, ọwọ́ wọn fẹ́ já."

Hàkímù bọ́ sílẹ̀. Okùn tó fi di àpò ti tú. Àpò méjì ti ya lu ìyá lẹ́sẹ̀, ó sì ti fi okùn wé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń fà á kí àwọn yòókù má baà wó lù ú. Ara ọwọ́ náà ti bó. Ìborùn ti lọ, gèlè ti lọ, atẹ́gùn ti gbé wọn sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Orí rẹ̀ wà ní gbangba, irun funfun, orí tí Hàkímù kò rí rí láti ọjọ́ tó ti ń fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ọjà ń wò. Orin ṣì ń dún kìì kìì, nítorí kò rántí pa á. Hàkímù dúró bí igi. Ọláyídé ló pa orin náà, tó wá ń tú okùn lọ́wọ́ ìyá. Obìnrin kan tó ń ta ògì, Salome lorúkọ rẹ̀, bọ́ síwájú, ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi bo orí ìyá. Ó wo Hàkímù lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sídìí igbá rẹ̀.

"Mo kan gíláàsì," ni ìyá wí. "Mo rò pé ẹ gbọ́. Kò burú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, dókítà á ti dé."

Iwájú ló jókòó sí dé Ìgbó-Ọrà, Ọláyídé bọ́ sẹ́yìn. Ní ọsíbítù, nọ́ọ̀sì tó ń fọ ojú egbò náà bi í pé kí ló ṣe é lọ́wọ́. Ìyá ní, "Okùn ni." Hàkímù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ìyá náà bú òun lójú gbogbo aláìsàn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá wọlé, ó máa ń wo ojú Rùkáyyàh bóyá ó ti gbọ́. Rùkáyyàh kò gbọ́ nǹkan lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ní àṣálẹ́ kan, Hàkímù sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, látorí ọ̀rọ̀ tó sọ fún Bámiṣẹ́ dórí gèlè ológì. Rùkáyyàh gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìjókòó bàbá mi dà?" ló bèèrè.

Ní òwúrọ̀, Hàkímù padà sí Èrúwà. Bámiṣẹ́ ní ṣé wúfà náà kò dún dáadáa ni. Hàkímù dorí kodò.

"Ìyá ìyàwó mi ló ń jókòó síbẹ̀," ló wí.

Bámiṣẹ́ gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ àpótí náà kúrò. Òjò ti pa ìjókòó náà, adìẹ ti ya fóòmù rẹ̀. Hàkímù gbé e fún ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, ó dúró tì í títí ó fi rán an tán. Bámiṣẹ́ tún fi èyí tó pẹlẹbẹ lọ̀ ọ́. Hàkímù ní òun kò fẹ́ ìkankan.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó dé Tápà, wọ́n ní ìyá ti bá ọlọ́kadà lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ó wá lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọsíbítù, ó bá ìyá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku lójú àwọn aládùúgbò.

"Ẹ dìde, Bàbá Aliyyah."

Kò dìde. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Ọwọ́ ti san," ló wá wí. "Kì í ṣe òun ló dùn mí. Bí mo ṣe ń kan gíláàsì yẹn, mo ń wo ẹ̀yìn orí yín. Mo wá ń rò ó pé, àbí wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbí?"

Ojú Hàkímù wà nílẹ̀, omi sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú eruku.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá bá a lọ. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ tẹ fóòmù tuntun náà, kò yìn ín, kò sì bú u. Wọ́n gba Ìdèrè kọjá láìsí orin. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, Hàkímù tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń mọ̀ lára pé àwọn èèyàn ń wo òun, irú wíwò tí kò fẹ́. Ní Ìgbó-Ọrà, ìyá sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ má dúró dè mí," ló wí. "Ẹ̀gẹ́ á máa bàjẹ́. N óò bá ọlọ́kadà padà."

Ó wọlé lọ. Hàkímù wo ẹ̀gẹ́ tó kó, ó wo ẹnu ọ̀nà ọsíbítù. Ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dúró nínú oòrùn títí ìyá náà fi jáde.