Ilẹ̀kùn Tó Ṣí fún Àlejò Nìkan

Àbúrò ìyá mi kú lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa láti ìta, nínú ilé iṣẹ́ àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó lọ tà lókè òkun. Wáyà kan gbiná, iná ran àkísà aṣọ, èéfín gba yàrá kan. Ní àsìkò yẹn gan-an, mínísítà ètò okòwò wà ní gbọ̀ngàn tó tutù nini, ó ń sọ fún àwọn olùdókòwò tuntun pé: "Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu fún yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Àǹtí Ọrùn-ẹ̀wù là ń pè é. Ẹlòmíràn a rán apá, ẹlòmíràn a kan bọ́tìnnì. Ọrùn ẹ̀wù ni tirẹ̀. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè kí ọ kó má kọ́kọ́ tún ọrùn ẹ̀wù rẹ ṣe. Ó dá ọlọ́pàá dúró lójú pópó rí.

"Ọmọ mi, ta ló wọṣọ fún ẹ láàárọ̀ yìí?"

Ọlọ́pàá ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wá ibi tí mo máa sá sí. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lé? Wọ́n ní kí wọ́n má baà jí ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ mi o: ẹni tó ń rán ẹ̀wù ni olè, ẹni tó ti èèyàn mọ́ inú iná ni olùdókòwò! Kọ́kọ́rọ́ wá dà? Ó wà lápò máníjà. Máníjà ńkọ́? Ó jókòó níwájú pátápátá nínú gbọ̀ngàn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Ọmọbìnrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàǹtí, tí àwọn aládùúgbò já irin fèrèsé kí wọ́n tó fà á yọ, ló ròyìn fún wa.

"Àǹtí ń gbá ilẹ̀kùn. Wọ́n ń sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí i.' Èéfín ti fẹ́ẹ̀ pa wá, wọ́n ṣì ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́!"

Ìyá mi ò lè jókòó gbọ́ ìyókù.

Mínísítà wá kí wa. Ó ní àìròtẹ́lẹ̀ ni. Àìròtẹ́lẹ̀ kẹ̀? Ẹ ti èèyàn mọ́ àárín àkísà àti wáyà tó ti gbó, kí lẹ wá ń retí, òjò? Ó ní ká rọra sọ̀rọ̀, káwọn àlejò má baà sá, torí pé ọrọ̀ ajé wa ń dàgbà. Ó ń dàgbà lóòótọ́. Àwọn tó ń ránṣọ fún un ni wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn aláṣẹ tiwa ti ará ilé mọ́lé kí wọ́n tó jáde lọ ṣe fáàrí.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wọ́ sápá kan. Àǹtí ì bá ti tún un ṣe fún un. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wa.

"Ẹ jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí.

A ò fẹ́ ìkíni. Kí wọ́n gbé máníjà lọ sílé ẹjọ́. Kí mínísítà náà wá dárúkọ ẹni tó yẹ kó yẹ ilẹ̀kùn yẹn wò tí kò débẹ̀. Kí àlejò mìíràn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà ní títì. Máníjà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò rẹ̀. Àǹtí mi ti sọ "ẹ jọ̀ọ́" títí ó fi kú. Èmi ò ní sọ ọ́. Ẹ lọ gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.