Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Mi Gbọ́ràn Jù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé wa wà ní Riverdale, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sunday, kí a sì lọ ṣe tẹ́ń-tẹ́ń ní parking lot. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè tíì gbàgbé. A ó pàtẹ́wọ́, a ó fò, a ó ju ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ọ̀dà á ti gbóná, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ìyá wa á sì máa pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pé ìrẹsì ń dúró dè wá nílé. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀: kò sí ọmọ tó lè nà mí ní tẹ́ń-tẹ́ń. Ẹsẹ̀ mi yá ju ẹnu mi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi náà kì í ṣe ẹnu jẹ́jẹ́.

Mummy ń ṣiṣẹ́ shift ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, Daddy ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ní Forest Park. Nítorí náà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Mummy, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa tọ́jú àbúrò mi tó ṣì wà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà a máa fi ọwọ́ lásán yọ mọ́ínmọ́ín nínú ìkòkò tó ń hó. Bí èmi bá fọwọ́ kan ẹyọ kan péré, ọwọ́ mi á ti fà sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé ó gbóná. Wọ́n á wò mí tìkà-tẹ̀gbin: "Kí lọwọ́ ẹ ń sá fún? Ṣé ìwọ lo lọwọ́ ni, àbí ọwọ́ ló ni ẹ́?" Lójú wọn, ọmọ tí a kọ́ dáadáa, gbogbo ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ràn. Ọsúkè nìkan ni wọ́n fi orí jì. Bí ọsúkè bá ń ṣe àbúrò mi, wọ́n á fa òwú tín-ín-rín láti etí ìró wọn, wọ́n á fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ níwájú orí, wọ́n á sì jókòó tì í títí ọsúkè á fi lọ. Ó máa ń lọ lóòótọ́. Mummy ní kò sí ọsúkè tí kì í lọ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ kí ìyá wọn gbọ́.

Ní ọdún yẹn, ilé ìwé ní kí wọ́n lọ yẹ ara mi wò kí n tó wọ kíláàsì tuntun. Ọ̀dọ̀ Uncle Dókítà la lọ, àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní ilé ìwòsàn kékeré nítòsí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gíga tí wọ́n tẹ́ pépà sí, ẹsẹ̀ mi ń fì dirodiro. Uncle bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi òòlù rọ́bà kàn mí lábẹ́ orúnkún. Háà! Ẹsẹ̀ mi fò sókè, ó sì bá wọn níkùn gbì.

Kí Uncle tó sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ti dìde. "Yéè! Àbẹ̀kẹ́! O gbá àgbàlagbà nípàá? Kúnlẹ̀ kíá!" Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Uncle ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di tábìlì mú. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Mà. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe gan-an nìyẹn." Ìyá Àgbà rò pé ìwà ọmọlúàbí ni Uncle ń hù, pé wọn ò fẹ́ dójú tì wá. Nígbà tí a délé, mo kọjú sí ògiri, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, òórùn dòdò ń ti ilé ìdáná wá bá mi níbi tí mo ti ń jìyà. Ìyà ńlá nìyẹn o, kí dòdò máa ta sánsán kí o má lè yíjú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà á gbé mi jókòó sórí àga, wọ́n á fi orógùn gbá mi ní orúnkún. "Di ẹsẹ̀ ẹ mú. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ kọ́ ni wàá máa ta nípàá." Orógùn kì í sábà ba ibi tí Uncle kàn, nítorí náà ẹsẹ̀ mi kì í fò. Inú Ìyá Àgbà dùn. Wọ́n ní mo ti ń gbọ́n.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru dá mi dúró sílé fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ, a dúpẹ́. Kò pẹ́ sí i, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yìn-ìn-rìn, bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, níbi tí a ti ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, mo ní kí n ju ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò lọ. Mo ṣubú lulẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa. Mummy pọ̀n mí bí ọmọ ọwọ́, àwọn àti Ìyá Àgbà sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ Uncle Dókítà.

Uncle fi òòlù kan orúnkún ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n kan ti òsì. Kò mì. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n gbé àyà sókè: "Ṣé ẹ rí i? Mo ti kọ́ ọ. Kò jẹ́ gbá yín mọ́ láéláé."

Uncle kò rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ lo di ẹsẹ̀ mú?" Mo wo ojú Ìyá Àgbà, ó wù mí kí n fi iyì yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n n kò di nǹkan kan mú. Mo ní, "Rárá, sà."

Uncle rọra gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, kò sí ọmọ tí a lè kọ́ ní eléyìí. Tí mo bá kan orúnkún, ìròyìn á gba inú iṣan lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a lóhùn. Kí ọpọlọ tó gbọ́, ẹsẹ̀ ti fò. Bí ọwọ́ ṣe ń sá fún iná náà nìyẹn. Tí ẹsẹ̀ ò bá wá fò rárá, ojú ọ̀nà ìròyìn yẹn ló ń bàjẹ́." Wọ́n ní kí Mummy má yà sílé, kó máa gbé mi lọ sí ọsíbítù ńlá, torí bí àìlera náà bá gòkè dé àyà, èémí lè dá. Mummy béèrè bóyá n óò tún rìn. Uncle ní àwọn ò tíì mọ̀. Ìyá Àgbà ti ń bá Mummy gbé mi pọ̀n.

Ní ọsíbítù, wọ́n ní lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru yẹn, àwọn ọmọ ogun inú ara mi, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí iṣan mi. Wọ́n ń fa omi oògùn sí mi lára. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ẹlòmíì ló gbàgbé e síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá Àgbà ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú fúláàsì, wọ́n ń fi òrí ra ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ń sunkún. "Èmi ni mo ní kí ẹsẹ̀ má fò. Ẹnu mi yìí náà ni." Mummy á ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Mà. Àìsàn ni." Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, Ìyá Àgbà á fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kàn mí lábẹ́ orúnkún, wọ́n á ní, "Gbá mi, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ mi, jọ̀wọ́, gbá mi."

Àìsàn náà kò dé àyà mi. Ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ní ọ̀sán kan, Uncle Dókítà wá kí wa láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yọ òòlù lápò kóòtù wọn, wọ́n kàn mí. Ẹsẹ̀ mi ta pín-ín. Wọ́n tún un kàn, ó tún ta. Ìyá Àgbà fò sókè: "Ó gbá wọn! Ẹ wá wò ó, Àbẹ̀kẹ́ gbá dókítà! Uncle, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, sà, kó rí yín gbá!" Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Mummy jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ara tù mí bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí mi. Ó pẹ́ kí n tó fi igi rìn, ó tún pẹ́ kí n tó sọ igi nù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, a ti mọ̀ pé ìròyìn ti ń rí ọ̀nà gbà.

Nígbà yẹn, òbí wa kì í béèrè kí wọ́n tó ní kí ọmọ kọjú sógiri. Lónìí, ìyá-ìyá ọmọ tó bá ti ilé wá sí Atlanta á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ fóònù. Àwọn ọmọ mi ò mọ tẹ́ń-tẹ́ń. Mo kọ́ wọn, wọ́n ní ó ti ń rẹ àwọn. Mo rẹ́rìn-ín. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ní Austell ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, láti òwúrọ̀ ni mo ti ń dúró. Bí mo bá délé, ẹsẹ̀ á máa ro mí, ọkọ mi á fa àga sí mi, wọ́n á ní, "Jókòó jàre, o ti dúró látàárọ̀." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣì dúró díẹ̀ sí i.