Àga Tí Àwọn Ọmọ Mi Rà

Òórùn awọ tuntun ló kọ́kọ́ gba pálọ̀ mi ní Ẹ̀fọ̀n, kó tó di pé òórùn àbóníkí tí mo fi ń para wá gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ló ra àga náà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àga ńlá onítìmùtìmù tó ṣe é rọ̀gbọ̀kú sí. Wọ́n ní mo ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé tó, kí n wá jókòó. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún ọ. Bí kùrukùru òwúrọ̀ bá ṣì bo orí òkè, mo ti wà nínú rẹ̀, rédíò lápá kan, fóònù lápá kejì. Ìyàwó àbúrò mi a gbé oúnjẹ wá bá mi níbẹ̀. Bí mo bá ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, a ní, "Ẹ jókòó, bàbá, kí lẹ fẹ́ mú?" Mo sì máa ń jókòó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àga ni mo ṣe padà wálé. Ìyá mi ló mú mi wá. Ilé tèmi wà nísàlẹ̀ létí títì, tirẹ̀ wà lókè, ọ̀nà ibẹ̀ sì kún fún àpáta, o mọ bí ìlú wa ṣe rí. Ó ní òun ò ní kúrò nínú ilé tí bàbá mi kọ́ fún òun. Àdéhùn wa ni pé kí n máa gòkè lọ bá a jẹun alẹ́. Mo ṣe é fúngbà díẹ̀, lórí ọ̀kadà. Nígbà tó yá, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Bí ọ̀kadà bá ti kó sí kòtò, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Mo bá jáwọ́ nínú lílọ, mo ní kí ẹ̀yìn mi sinmi ná. Mo jókòó sí i, mo tún dùbúlẹ̀ sí i.

Kò sinmi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ni, arúgbó tó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ó gbé abọ́ oúnjẹ tó fi aṣọ wé dání. "Ìgbà tí o ò wá s'ulé, mo gbé e wá," ló wí, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ náà tán. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Òjò sì ti ń ṣú, ó kù díẹ̀ kí àpáta ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá mọ́, kó má lọ ṣubú. Ó ní, "Ta ni á wá wò ọ́?"

Nǹkan kan ṣáà ń yà mí lẹ́nu. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀yìn ń dùn mí, àmọ́ tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ti gbà pé iṣẹ́ àdúrà ni. Ṣé àdúrà wá ń tán lọ́jọ́ Ajé ni? Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Èmi tí mo fi sáyẹ́ǹsì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ní kí n dán an wò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ṣí ìwé orin nínú àga mi, mo kọrin, mo gbàdúrà, mo ka Bíbélì, títí ó fi gùn tó ìsìn òwúrọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ẹ̀yìn mi ti gan bí igi.

Mo lọ sí ọsibítù. Obìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú àwọn tí ara ń ro tẹ ẹ̀yìn mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ò rí ohun tó yẹ̀. Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ló máa ń dín kù. Mo ní ọjọ́ Àìkú.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lọ, bàbá?"

Mo ní Áńgílíkà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dìde kọrin, tẹ́ ẹ máa kúnlẹ̀, tẹ́ ẹ tún máa dìde ka ìgbàgbọ́?"

Ó ti yé mi kó tó sọ ìyókù. Ó ṣàlàyé pé béèyàn bá jókòó pẹ́ jù, iṣan ẹ̀yìn á le, agbára rẹ̀ á máa dín kù, ìbàdí á sì máa jìyà rẹ̀; ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ kò sì ṣe é lóore. Kí n máa dìde lóòrèkóòrè, kí n sì máa rìn, díẹ̀díẹ̀.

Mo bá sọ gbogbo ọjọ́ di ọjọ́ ìsìn. Bí wọ́n bá ti ń ka ìròyìn lórí rédíò, mo ti dìde. Bí fóònù bá dún, mò ń rìn yí pálọ̀ ká. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi, ó rò pé mò ń bínú sí òun ni. Nírọ̀lẹ́, mò ń rìn dé ìdí máńgòrò tó wà nísàlẹ̀ òkè, nígbà tó yá mo kọjá rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà á dúró, "Bàbá, ẹ gùn ún, ọ̀fẹ́ ni." Àánú mi ń ṣe wọ́n. Àwọn ọjọ́ kan wà tó dùn mí tí mo padà láàárín ọ̀nà, tí mo sì bá ìyá mi tó ń sọ̀ kalẹ̀ pàdé.

Ìrọ̀lẹ́ tí mo gòkè dé ilé rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì, ó ti ń múra àtiwá sọ́dọ̀ mi. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ọ̀kadà wà níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ lo fi gun òkè yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ó fi ọ̀pá fa àga sítòsí mi. "Jókòó, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì dúró ná, Yèyé."

Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá ti ara ògiri, ó jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tó fi wé abọ́.

Àga tàwọn ọmọ mi ṣì wà ní pálọ̀. Ìfẹ́ ló gbé e wá, mi ò ní gbé e jù síta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè láti Èkó tí wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń jókòó sinmi?", mo máa ń ronú bí a ṣe ń fi ìjókòó yẹ́ àgbà sí títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo wà lójú ọ̀nà. Òótọ́ sì ni, torí ìyá mi kò sọ̀ kalẹ̀ wá mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ yẹn. Oúnjẹ mi wà lókè.