Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Ń Balẹ̀

Nígbà tí orúnkún ọ̀tún mi yẹ̀ lórí pápá, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi. Dókítà ní eré bọ́ọ̀lù ti tán fún mi. Mo sunkún títí, mo sì búra fún ara mi pé bí mo bá tilẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, mi ò ní jókòó sórí àga kí n máa pàṣẹ bí ìyálé. Èmi fúnra mi ni màá máa fò.

Bí mo ṣe wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nìyẹn, ní pápá ilé-ìwé kan ní Ìdímù, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá ti ní, "Kóòṣì, ẹ tún un ṣe ká rí i," inú mi á dùn. Màá fò, màá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, màá fi ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, nítorí ọ̀tún kò gba ìwúwo mọ́. Àsìkò yẹn nìkan ni mo tún ń jẹ́ ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ká má parọ́, torí rẹ̀ ni mo ṣe ń wá.

Ní Sátidé kan, ìyá ọ̀kan nínú wọn, ará Oǹdó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wá mú ọmọ rẹ̀. Ó dúró wò wọ́n díẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ má bínú o. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn, kí gbogbo wọn máa fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀? Ọmọ mi ní orúnkún òsì ń dun òun."

Ó ku díẹ̀ kí n bi í pé kí ló mọ̀ nípa básíkẹ́tì. Mo yíjú sí pápá. Ọ̀kan fò, ó fi ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, ó tiro díẹ̀ kó tó dúró. Èkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tèmi kò tíì láṣọ rárá, wọ́n ti kó àkísà mi wọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, ọmọ kan láti Shasha tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́jọ́ náà. Kò tíì rí ibi tí mo ti ń fò rí.

Mo fọn fèrè, mo ní láti òní lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì la ó máa fi balẹ̀.

"Ẹ ṣe é ká rí i, Kóòṣì." Wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù sí mi.

Mo gbà á. Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó gbé e fún ọmọ tuntun náà.

"Òun ni kí ẹ máa wò," ni mo wí.

Mo wọ kíláàsì tó sún mọ́ wa, mo gbé àga kan jáde, mo sì jókòó.